Ojú Tó Ń Pọ́n Nítorí Ẹ̀rọ Mímí Òru

Àwọn kan tí dókítà fún ní ẹ̀rọ CPAP, nítorí pé èémí wọn máa ń dúró lójú oorun, ń jí ní Súbúhì pẹ̀lú ojú pípọ́n tó ń ta wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe Àpólò. Afẹ́fẹ́ ló ń jò níbi igi imú, lókè ìbòmú, tó ń fẹ́ sí ẹyinjú mọ́jú, tó sì ń gbẹ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré fa okùn rẹ̀ le. Ìyẹn gan-an lè mú un jò sí i. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ dùbúlẹ̀ bí ẹ ti ń sùn, kí ẹ tó tún okùn ṣe. Ẹ máa fi omi àti ọṣẹ fọ rọ́bà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìpara alẹ́ náà kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ awọ dáadáa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má torí èyí pa ẹ̀rọ tì o. Bí ẹyinjú bá ń dun yín, tàbí ẹ ń ríran bàìbàì, ẹ tètè lọ rí dókítà ojú.