Mímí àti Èébì Nígbà Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ: Òótọ́ àbí Irọ́?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba kímò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń gbógun ti jẹjẹrẹ, ló máa sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ kọ́ ni wàhálà àwọn, èébì ni. Òórùn ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn á máa rí wọn lára, itọ́ á sì kún ẹnu wọn. Nínú ìnira yìí ni onírúurú ìmọ̀ràn ti máa ń wọlé, títí kan pé kéèyàn máa mí lọ́nà kan pàtó kí èébì lè rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ díẹ̀ wò níbẹ̀.

“Bí èébì bá ṣe pọ̀ tó ni kímò ń ṣiṣẹ́ tó.”

Irọ́ ni. Oògùn kímò bíi cisplatin máa ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ìfun tú èròjà tó ń jẹ́ serotonin jáde. Èròjà yìí á ta ọpọlọ lólobó nípasẹ̀ iṣan vagus, ọpọlọ á sì pàṣẹ pé kí a bì. Ìyẹn kò sọ ohunkóhun nípa bí jẹjẹrẹ ṣe ń gbọ́ oògùn. Ẹni tí kò bì rárá lè máa jẹ àǹfààní ìtọ́jú rẹ̀ dáadáa.

“Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mí kò nílò oògùn èébì.”

Irọ́ ni, ó sì léwu. Ondansetron ló ń dí serotonin lọ́nà. Dexamethasone máa ń kún un lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì máa ń gba aprepitant tàbí olanzapine. Kí kímò tó wọ ara ló yẹ kí irú oògùn báyìí ti wà níkùn tàbí nínú iṣan. Mímí kò lè ṣe iṣẹ́ wọn, kò sì lè wo jẹjẹrẹ. Ó kàn ń ṣe ìrànwọ́ ni.

“Èébì tó bá gbéni kí abẹ́rẹ́ tó kan ara, ọwọ́ ayé ni.”

Irọ́ ni. Ara ló ti kọ́ ọ. Ẹni tó bì gan-an lẹ́yìn kímò àkọ́kọ́ lè dé wọ́ọ̀dù nígbà kẹta, kó gbóòórùn sípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá, kí inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú, nígbà tí oògùn ọjọ́ náà kò tíì wọ ara rẹ̀. Lọ́dún 1982, Gary Morrow àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi ìwádìí hàn nínú New England Journal of Medicine pé èébì yìí dín kù fún àwọn tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe máa dẹ ara sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fojú inú wo ọjọ́ ìtọ́jú náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rù fi kúrò. Irú èébì yìí gan-an ni mímí ti lè wúlò jù.

“Kéèyàn sáà máa fa atẹ́gùn tagbáratagbára.”

Irọ́ ni. Mímí kíákíá máa ń mú òòyì kọ́ni, ó sì máa ń jẹ́ kí ọmọ ìka máa ta ṣíoṣío. Jẹ́jẹ́ ni ká ṣe é. Ẹ tú aṣọ tó bá fún yín ní ìbàdí, kí ẹ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, ìkejì lé ikùn. Ẹ fi imú fa èémí sínú, kí ẹ máa kà á lọ́kàn láti orí oókan dé ẹẹ́rin. Ọwọ́ tó wà lórí ikùn ló yẹ kó gbéra. Ẹ ká ètè jọ bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná, kí ẹ tú u jáde títí ẹ ó fi ka ẹẹ́fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dúró. Ẹni tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bá ń bá jà, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

“Ìgbà tí èébì bá dé la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ṣe ń mí.”

Irọ́ ni. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ máa ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́ nílé, nígbà tí ara bá balẹ̀, kó lè ti mọ́ yín lára kí ọjọ́ kímò tó pé.

“Mímí kò náni ní kọ́bọ̀, kò sì ń bá oògùn jà.”

Òótọ́ ni. Èémí tó ń jáde pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ máa ń mú kí ọkàn rọra lù, kí iṣan tó le sì dẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ bákan náà fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ó yẹ ní gbígbìyànjú.

“Jẹjẹrẹ ni, dandan ni ká fara da èébì.”

Irọ́ tó burú jù nìyí. Dókítà lè pààrọ̀ oògùn tàbí kó fi òmíràn kún un, bó bá ṣáà ti mọ̀. Bí omi pàápàá kò bá dúró nínú yín fún odidi ọjọ́ kan, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì, bí ìtọ̀ bá dín kù tó sì dúdú, tàbí bí ara bá gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ má ṣe jókòó ti mímí nílé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín kí kímò tó kàn tó dé.