Bí íapíìsì aláìlókùn bá yadi lẹ́yìn tí ẹ yí Windows padà, ẹ má tíì sáré ra òmíràn

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft fòpin sí àtìlẹyìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10, ètò tó ń darí iṣẹ́ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn yí kọ̀ǹpútà wọn sí Windows 11. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe parí iṣẹ́ náà tán ni íapíìsì aláìlókùn tó ń dún ketekete lánàá yadi.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún àwọn ènìyàn Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílò ohun tí yóò fi gbọ́ olùkọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó ṣèpàdé láti ilé, àti ìyá tó fẹ́ gbóhùn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Ẹni tí kò bá mọ orísun ìṣòro náà lè fi owó oúnjẹ ra íapíìsì tuntun, kí èyí náà sì tún yadi, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà gan-an ni àìsàn wà.

Ohun tó ń fà á kò le. Bluetooth ni ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ọ̀pọ̀ íapíìsì aláìlókùn ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Àmọ́ Windows kò gbọ́ èdè ẹ̀rọ Bluetooth tààrà; ògbufọ̀ kan ló wà láàárín wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní driver. Bí Windows tuntun bá dé, ògbufọ̀ àtijọ́ lè má gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, Windows a fi ògbufọ̀ tirẹ̀ rọ́pò èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà fi síbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ so íapíìsì náà mọ́ fóònù. Bó bá dún níbẹ̀, ara rẹ̀ le. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Kí ẹ tó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ pa Bluetooth fóònù náà, nítorí íapíìsì tó bá ti so mọ́ fóònù lè má dá kọ̀ǹpútà lóhùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Settings, kí ẹ wọ System, lẹ́yìn náà Sound. Ẹ wò ó bóyá orúkọ íapíìsì yín ni kọ̀ǹpútà yàn lábẹ́ Output. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò gbọ́ tiyín, ẹ wo Input, kí ẹ sì lọ sí Privacy & security láti rí i pé Microphone wà ní ṣíṣí.

Bí kò bá yanjú, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì tún ara wọn mọ̀ lákọ̀tun. Nínú Bluetooth & devices, ẹ wá orúkọ íapíìsì náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú Remove device. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì íapíìsì mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú, kí ẹ wá so wọ́n pọ̀. Ní ti èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB, ẹ gbé e sí ihò mìíràn.

Bó bá ṣì ń ṣagídí, ògbufọ̀ ló kù. Ẹ lọ sí ojúlé iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà ṣe HP, Dell tàbí Lenovo, kí ẹ wá driver Bluetooth tó bá Windows 11 àti irú kọ̀ǹpútà yín mu. Ẹ má gbà á níbòmíràn, kí kòkòrò má baà bá a wọlé.

Ohun kan wà tí kì í ṣe àìsàn rárá. Ní ọ̀pọ̀ íapíìsì Bluetooth, bí máíkì rẹ̀ bá ti ṣí, ohùn orin a rẹlẹ̀ bí ohùn tẹlifóònù, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni gbígbọ́ àti sísọ jọ ń lò. Bí ẹ bá yan máíkì inú kọ̀ǹpútà lábẹ́ Input, ohùn gidi yóò padà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, Windows fàyè ọjọ́ mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́yìn ìyípadà fún ẹni tó bá fẹ́ padà sí ti àtijọ́. Go back lábẹ́ Recovery ni. Àmọ́ kí onítọ̀hún mọ̀ pé àtìlẹyìn ti parí fún Windows 10, ewu àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì sì pọ̀ fún ẹni tó bá dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìlànà wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ ló lè mọ̀ bóyá ó tọ́ kí òun náwó.