Ìrìnàjò Ọjọ́ Kan sí Canterbury

Àwa mẹ́fà tí a jọ kàwé ní Ìlọrin ni a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Canterbury. Kò tó wákàtí méjì. Ibi tí wọ́n ti pa Thomas Becket ní 1170 ni èrò ń rọ́ lọ. Ohun tiwa yàtọ̀. Nínú kàtídírà yẹn ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, 1864. Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí ó gbà á sílẹ̀ ní 1822, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí pé a kò pọ̀, a ráyè dúró pẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí sí ìlú òyìnbó ni kò tíì gbọ́ orúkọ Òṣóògùn rí. Ẹ mú wọn lọ, kí ẹ sì mú Bíbélì Yorùbá dání: Crowther ni ó ṣíwájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀.