Aláǹtakùn Tí Kò Ní Aró

Ní ọdún 1899, Reginald Innes Pocock, onímọ̀ nípa ẹranko ní London, kọ àpèjúwe aláǹtakùn kan tí wọ́n rí nínú ọgbà igi gẹdú ilé iṣẹ́ rélùwéè ní ìlú Gooty, ní gúúsù Íńdíà. Ó sọ ọ́ ní Poecilotheria metallica. Lẹ́yìn náà, fún ọdún 102, kò sí onímọ̀ tó tún fojú kàn án.

Aṣọ ẹtù ni mo fi í wé nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀: búlúù tó jinlẹ̀, tí ìlà funfun wínníwínní gba ara rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹtù kì í kọ mànà bí irin bẹ́ẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí aró kankan lára rẹ̀. Irun ara rẹ̀ ló ní ìpele tó tín-ín-rín débi pé ojú lásán kò lè rí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, búlúù ló ń dá padà, bí ìfófòó ọṣẹ ṣe ń yọ oríṣiríṣi àwọ̀ nínú oòrùn, bẹ́ẹ̀ omi ọṣẹ kò ní àwọ̀ kan. Abẹ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Bí ẹ̀rù bá bà á, á gbé e sókè kí ọ̀tá rí i.

Ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ojú mẹ́jọ. Bó bá na ẹsẹ̀ tán, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Eyín oró rẹ̀ méjèèjì dojú kọ ilẹ̀. Ti aláǹtakùn inú ilé wa máa ń pàdé ara wọn bí ẹnu ẹ̀mú.

Àwọn àgbà ní aláǹtakùn, bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára. Eléyìí kì í ta káni lára. Inú ihò igi ló ń ta òwú sí, tí yóò fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á jáde, á sì fò mọ́ kòkòrò tó ń kọjá. Oró rẹ̀ ń dun ènìyàn gan-an, ó sì ń mú kí iṣan máa fà.

Ọdún 2001 ni wọ́n tó tún rí i, nínú igbó tó wà láàrin Nandyal àti Giddalur, ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh. Láti ibẹ̀ dé Gooty tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Àwọn onímọ̀ wá gbà pé inú igi gẹdú tí ọkọ̀ ojú irin kó ló bá dé Gooty. Àlejò ni níbẹ̀, síbẹ̀ Gooty ni ayé ṣì fi ń pè é.

Igbó Andhra Pradesh yẹn nìkan la mọ̀ pé ó ń gbé. Bí a bá wọn ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú, ibùgbé rẹ̀ kò kún un. Wọ́n ń gé igi ibẹ̀ fún gẹdú àti igi ìdáná, àwọn kan sì ń kó aláǹtakùn náà lọ tà fún àwọn tó ń sìn ín nílé. Ní 2008, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹ̀dá, kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà ní bèbè ìparun. Láti 2019 ni òfin àgbáyé ti ń ṣọ́ títà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Igi oníhò tó ń gbé inú rẹ̀ kò sí nínú òfin yẹn.