Òótọ́ àbí irọ́? Ẹ̀rọ tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà

Ẹ wo télọ̀ tó ń fi máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ránṣọ. Kó tó tẹ pẹ́dà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sára wíìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí máṣíìnì, á yí i díẹ̀, ẹsẹ̀ á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbàgbé ọwọ́ yẹn lè tẹ pẹ́dà títí, kí máṣíìnì ta kú. Tàbí kó yí sẹ́yìn, kí òwú já.

Lónìí, ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lè ya máṣíìnì yẹn sínú kọ̀ǹpútà. Á ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n pọ̀ ní oríkèé-oríkèé, á fi mọ́tò sí i (irú mọ́tò tó ń yí fáànù ni mò ń sọ, kì í ṣe ọkọ̀), gbogbo rẹ̀ á sì máa yí lójú rẹ̀ kó tó ra irin ẹyọ kan. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, nítorí ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ òfò. Àmọ́ ọwọ́ télọ̀ yẹn kì í sí nínú àwòrán, kọ̀ǹpútà kò sì ní sọ fún ẹni tí kò béèrè pé ó sọnù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká yẹ mẹ́jọ wò nínú ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ.

1. "Ohun tó bá ti rìn lójú kọ̀ǹpútà, á rìn nínú irin."

IRỌ́. Òfin tí a kọ ni oríkèé inú àwòrán: ẹ̀yà yìí gbọ́dọ̀ yí lórí ìlà yìí, èyí gbọ́dọ̀ yọ̀ lórí ìlà yẹn. Kọ̀ǹpútà á ṣírò ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà kí gbogbo òfin lè ṣẹ, á sì yà á síbẹ̀. Ọ̀pá mìlímítà 10 á wọ ihò mìlímítà 10 wẹ́rẹ́ nínú àwòrán. Nínú irin, àfi kí a fi òòlù gbá a wọlé, tó bá sì wọlé, kò ní yí mọ́.

Ètò SolidWorks ní ìpele mẹ́ta fún àfarawé ìrìn ẹ̀rọ. Èyí tó ń jẹ́ Animation kò ka ìwúwo ẹ̀yà sí rárá, fíìmù ni. Basic Motion ń ka ìwúwo, sípíríìnì àti ìkọlura sí níwọ̀nba. Motion Analysis ló ń ṣírò agbára tó ń ti oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wo fíìmù, tó wá ń sọ̀rọ̀ agbára, ti sọ ohun tí kò béèrè.

Ọkọ̀ òfurufú Galileo kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Amẹ́ríkà fi í ránṣẹ́ sí Júpítà ní oṣù kẹwàá ọdún 1989. Wọ́n ká áńténà ńlá rẹ̀, tó fẹ̀ tó mítà 4.8, bí ẹni ká agboòrùn. Egungun 18 ló ní. Ní oṣù kẹrin ọdún 1991, wọ́n ní kó ṣí, kò ṣí tán. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò gbà pé díẹ̀ lára egungun náà ti lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n fi wọ́n há sí. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi kùn wọ́n kí wọ́n lè máa yọ̀ ti gbo kúrò, nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù gbé áńténà náà láti California lọ sí Florida, ó gbé e padà, ó tún gbé e lọ. Wàhálà náà kò sí nínú gígùn tàbí igun. Ibi tí irin ti ń kan irin ló wà. Áńténà kékeré ni Galileo fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dópin.

2. "Ibi yòówù tí mo bá fi mọ́tò sí, ọ̀kan náà ni."

IRỌ́. Ẹ̀yà mẹ́rin ló ń gbé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rìn: férémù tó dúró, pẹ́dà tó ń lọ sókè sódò, ọ̀pá tó gòkè láti ara pẹ́dà, àti kíráńkì kékeré tó wà lára wíìlì ńlá ìsàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá àti kíráńkì máa ń to sórí ìlà kan ṣoṣo. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà lásìkò yẹn, àárín wíìlì gan-an ni agbára ń lọ, kò sì ní yí i. Eré tí wíìlì ńlá ti gbà tẹ́lẹ̀ ló ń gbé e kọjá. Nígbà tí kò bá tíì sí eré, ọwọ́ télọ̀ ni.

Bí ẹ bá fi mọ́tò sára wíìlì nínú àwòrán, ohun gbogbo á yí geere, ẹ kò sì ní mọ̀ pé ibi ìtakú wà. Ẹ gbé mọ́tò náà lọ sára pẹ́dà, ìṣirò á dúró, tàbí kí wíìlì lọ sí apá tí ẹ kò rò. Nítorí náà, ibi tí agbára ti ń wọlé nínú ẹ̀rọ gidi ni kí mọ́tò wà nínú àwòrán.

3. "Eyín jíà ló ń ti ara wọn lójú kọ̀ǹpútà."

IRỌ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Tí a bá fi oríkèé jíà so wíìlì méjì pọ̀, nọ́ńbà tí a tẹ̀ síbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Kì í wo eyín. Jíà eyín 20 tó ń yí jíà eyín 60 gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹta kí jíà ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá ṣèèṣì tẹ 2 dípò 3, àwọn eyín á máa gba inú ara wọn kọjá bí iwin, àwòrán á sì máa yí lọ láìkùn.

Ẹ fi àwọ̀ pupa kun eyín kan lára jíà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka ìyípo wọn, kí ẹ sì fi wé iye eyín tí ẹ yà. Ẹ wo apá tí wọ́n ń yí sí pẹ̀lú: jíà méjì tí eyín wọn wà lóde, tí wọ́n sì kan ara wọn, kì í yí sí apá kan náà láé.

4. "Tí ìṣirò bá ti ní kò lè rìn, kò lè rìn nìyẹn."

IRỌ́, ọgbọ́n ńlá sì wà nínú rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ohun kan ní ọ̀nà ìrìn 3: síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, àti yíyí po. Oríkèé tó ń yí ń gba 2 nínú wọn. Ẹ ka ẹ̀yà mẹ́rin máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ àti oríkèé rẹ̀ mẹ́rin: 3 × (4 − 1) − 2 × 4 = 1 (a yọ 1 nítorí pé férémù kì í rìn). Ọ̀nà ìrìn kan ló kù, ìyẹn ni pé tí ẹ bá gbé ẹ̀yà kan, gbogbo ìyókù á tẹ̀ lé e. Ó dára.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣírò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nínú àyè tó ní gígùn, ìbú àti gíga, ọ̀nà ìrìn jẹ́ 6, oríkèé kan sì ń gba 5: 6 × (4 − 1) − 5 × 4 = −2. Máṣíìnì kan náà, tí télọ̀ ń lò lójoojúmọ́, ni ìṣirò yìí ní ó há! Ìdí ni pé ńṣe ni ìṣirò yìí kàn ń kà; kò rí i pé ọ̀pá oríkèé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, wọ́n kọjú sí apá kan náà. Ètò tó dára á rí i, á jẹ́ kó rìn, á sì kìlọ̀ pé òfin ti pọ̀ jù. Ìrìn tó bá fi hàn yín á tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé iye agbára tó bá kọ sórí oríkèé kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá yí oríkèé kan padà sí olórí róbótó, tí ẹ sì jẹ́ kí òmíràn lè yí kó tún lè yọ̀ gùn, iye náà á padà di 1. Ẹ má kàn pa ìkìlọ̀ yẹn tì. −2 ń bá wẹ́dà sọ̀rọ̀: tí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó lu kò bá dọ́gba, ẹ̀rọ yìí á há ní tòótọ́.

5. "Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po méjì."

IRỌ́. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì kan tí kíráńkì rẹ̀ gùn ní mìlímítà 40, tí kọ́ńrọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 140, tí písítìnì rẹ̀ sì wúwo tó gíráàmù 400. Bó bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó ń já písítìnì padà nígbà tó bá dé òkè pátápátá tó nǹkan bí Newton 2,030, bí ẹni so ẹrù tó lé ní kílò 200 mọ́ ọn. Tó bá di 6,000, ẹrù náà á lé ní kílò 800. Ojú kò lè rí èyí nínú fíìmù. Àfi kí ẹ ní kí kọ̀ǹpútà ya ìlà agbára náà fún yín.

Ojú tún máa ń tan wá níhìn-ín. Písítìnì yìí ń rin mìlímítà 80 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé tí kíráńkì bá ti yí dé ìdá mẹ́rin ìyípo, písítìnì á ti rin ìdajì, ìyẹn 40. Rárá o, 45.8 ló ti rìn, nítorí pé kọ́ńrọ́ọ̀dù dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fa písítìnì sílẹ̀ sí i.

6. "Tí kọ̀ǹpútà kò bá kígbe, kò sí ohun tó kọlu ara."

ÒÓTỌ́ DÍẸ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, nínú ọ̀pọ̀ ètò, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ ní kó ṣọ́ ìkọlura. Tí ẹ kò bá sọ, ẹ̀yà á máa gba inú ẹ̀yà kọjá. Èkejì, kọ̀ǹpútà kì í wo ìrìn náà láìdánudúró. Ó ń wò, ó ń ṣẹ́jú, ó tún ń wò. Tí apá kan bá ń sáré mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kọ̀ǹpútà sì ń wò ó ní ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, mìlímítà 20 ni apá náà á ti lọ kó tó tún lajú. Páànù mìlímítà 5 tó wà láàárín lè má hàn sí i rárá. Ẹ sọ ọ́ di ìdá ẹgbẹ̀rún, mìlímítà 2 péré ni á máa fò, ó sì máa rí páànù náà. Á pẹ́ kó tó ṣírò tán, ṣùgbọ́n irin tó bá ṣẹ́ ń gbówó ju ìdúró lọ.

7. "Iṣẹ́ yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún."

ÒÓTỌ́. Ní ọdún 1963, Ivan Sutherland parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ètò Sketchpad ní ilé ẹ̀kọ́ MIT, lórí kọ̀ǹpútà TX-2. Ó ń fi pẹ́ńnì oníná yàwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ó lè ya àwọn ọ̀pá tó so kọ́ra, tí wọ́n á sì máa rìn bí òfin oríkèé wọn ṣe wí. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ fi irin àti ìwé ṣe tiwọn. Franz Reuleaux, ará Jámánì, ṣe ẹ̀rọ kéékèèké ìkọ́ni, ilé ẹ̀kọ́ Cornell ní Amẹ́ríkà sì ra èyí tó lé ní 200 nínú wọn ní ọdún 1882. Ní 1951, Hrones àti Nelson tẹ ìwé kan jáde tó ní ipa ìrìn tó lé ní 7,000 tí ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá mẹ́rin lè tọ̀. Olùyàwòrán ẹ̀rọ á ṣí i, á wá ipa tó jọ èyí tó ń fẹ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: tí èyí bá yí, ibo ni ìyẹn á lọ?

8. "Olówó nìkan ló lè ṣe é."

IRỌ́. Ọ̀fẹ́ ni ètò FreeCAD. Láti ẹ̀dà 1.0 rẹ̀, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti ní ibi ìtòpọ̀ ẹ̀yà àti oríkèé tirẹ̀ nínú. Ẹni tí kò sì tíì ní kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní pẹ̀lú páálí.

Ẹ gé páálí mẹ́rin. Láti ihò sí ihò, kí wọ́n jẹ́ mìlímítà 40, 80, 100 àti 120. Ẹ kan 120 mọ́ pákó, ẹ so 40 mọ́ orí rẹ̀ kan, 80 mọ́ orí kejì, kí 100 so àwọn méjèèjì pọ̀. Páálí 40 á yí po pátápátá. Ẹ fi 70 rọ́pò rẹ̀, kò ní lè yí po mọ́. Òfin Grashof ló fà á: páálí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù, tí a bá pa wọ́n pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju àwọn méjì tó kù lọ. 40 àti 120 jẹ́ 160, kò tó 180. 70 àti 120 jẹ́ 190.

Ẹ dá 40 padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má yí i. Páálí 80 ni kí ẹ máa tì lọ tì bọ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ pẹ́dà. Níbi méjì, gbogbo rẹ̀ á ta kú lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì rí i pé ìka ọwọ́ yín kejì ti lọ sára páálí kékeré, ó sún un díẹ̀, ó sì kọjá. Ọwọ́ télọ̀ nìyẹn. Ẹ wá ṣí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tí ọwọ́ yẹn á wà nínú ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ kọ́.