Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Malcolm MacDonald, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́yìn ní Kẹ́ńyà

Ọmọ Ramsay MacDonald ni, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Labour fi ṣe olórí ìjọba Bìrìtéènì. Ọdún 1901 ni wọ́n bí i.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, òun ni mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Òfin owó ìdàgbàsókè ti 1940, tó kan Nàìjíríà náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ètò rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n òun náà ló gbé ìlànà jáde ní 1939 pé Júù 75,000 péré ni kó wọ Palẹ́sìnì láàárín ọdún márùn-ún, lásìkò tí Hitler ń lé wọn kiri. Àṣìṣe ńlá ni, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀.

Churchill, olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà náà, fi ṣe mínísítà ètò ìlera ní 1940, ó sì rán an lọ sí Kánádà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kẹ́ńyà ló ti ṣe èyí tó wú mi lórí jù. Gómìnà tó ṣáájú rẹ̀, Patrick Renison, ti pe Jomo Kenyatta, tó ń ṣíwájú ìjà òmìnira Kẹ́ńyà, ní aṣáájú sínú òkùnkùn àti ikú. MacDonald dé ní oṣù Kìn-ín-ní 1963, ó fọkàn tán Kenyatta, ó sì rọ ìjọba London pé kí wọ́n má fi òmìnira falẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún náà ni Kẹ́ńyà gbòmìnira.

Lẹ́yìn òmìnira náà, Kenyatta fúnra rẹ̀ ló ní kí MacDonald má tíì lọ.