Alápàńdẹ̀dẹ̀ Ló Ń Kéde Ìgbà Ooru ní Lake District

Òkè àti adágún omi ni gbogbo Lake District, ní Cumbria, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni òkè Scafell Pike wà, mítà 978, kò sí èyí tó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ náà ni Windermere wà, adágún tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ ọ̀hún, tó gùn tó kìlómítà 17. Lọ́dún 2017, àjọ UNESCO ka Lake District kún ogún àjùmọ̀ní aráyé. Ó lẹ́wà nígbà òtútù, ó lẹ́wà nígbà tí ewé ń rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí ìgbà tó tó ìparí oṣù karùn-ún sí àárín oṣù kẹfà, nígbà tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé dé.

Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í fi kàlẹ́ńdà nìkan mọ ìgbà yìí. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọn kan a ti dé ní oṣù kẹrin, àmọ́ òtútù ṣì lè yí padà, ìdí nìyẹn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pa á lówe pé alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo kò mú ìgbà ooru wá. Nígbà tí oṣù karùn-ún bá fi máa lọ sópin, tí wọ́n bá ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde ní gbogbo abà, kò tún sí iyèméjì mọ́.

Ẹyẹ kékeré ni, bíi gíráàmù 20 ni gbogbo ara rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá tàn sí i, aró inú rẹ̀ a yọ, a máa dán bí ẹtù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán. Iwájú orí rẹ̀ àti ọ̀fun rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ikùn rẹ̀ funfun. Ìrù rẹ̀ là sí méjì, ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ti akọ gùn ju ti abo lọ. Kì í bà sílẹ̀ kó tó mumi. Á fò wálẹ̀ títí tí àyà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan adágún, á lanu, á bu omi, á sì gbéra lọ.

Yorùbá ti mọ alápàńdẹ̀dẹ̀ mọ́ ilé kíkọ́ tipẹ́, ẹni tó bá sì dúró wò ó nínú abà á mọ ìdí rẹ̀. Á lọ sí etí odò, á bu ẹrẹ̀ sẹ́nu, á pò ó mọ́ koríko gbígbẹ, á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi àjà, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di àwo kótópó kan tí wọ́n tẹ́ ìyẹ́ sínú rẹ̀. Ìtẹ́ kan lè gba ẹrẹ̀ ẹnu tó lé ní 1,000. Abo a yé ẹyin mẹ́rin tàbí márùn-ún, a sàba lé wọn bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ni tọkọtaya yóò máa fi kòkòrò bọ́ ọmọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn kan ń pamọ lẹ́ẹ̀mejì kí ìgbà ooru tó parí. Bí ọdún bá yípo, ọ̀pọ̀ wọn a tún padà sí abà kan náà, wọn a sì tún ìtẹ́ àná ṣe. Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ẹni tó bá ba ìtẹ́ rẹ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa jáde lọ́mú màlúù rẹ̀ dípò wàrà. Ìgbàgbọ́ yẹn dáàbò bo ẹyẹ náà, mo sì kan sáárá sí wọn.

Níbo ló wá ń lọ nígbà òtútù? Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù kan láyé àtijọ́ gbà pé ìsàlẹ̀ adágún ló ń sùn sí, nínú ẹrẹ̀. Òrùka ẹsẹ̀ ló tú àṣírí náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1911, wọ́n fi òrùka sẹ́sẹ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire. Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, wọ́n rí i ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Ìrìn náà tó nǹkan bí 10,000 kìlómítà. Bó bá ń padà bọ̀, á gba òkè igbó Kóńgò, á la aṣálẹ̀ Sàhárà já, á gba Mòrókò, Sípéènì àti Faransé kó tó dé abà rẹ̀. Nàìjíríà wa wà lára ibi tí wọ́n ń yà sí. Ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn tó ti Yúróòpù wá máa ń wọ́ jọ sùn sórí eésún nígbà ọyẹ́, wọ́n sì ti fojú bù wọ́n tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ẹran ọbẹ̀ ni wọ́n jẹ́ fáwọn ará ibẹ̀ tipẹ́, kí àwọn olùdáàbòbò ẹranko tó wá bá wọn sọ ọ́.

Nítorí náà, èmi kì í ka ẹyẹ yìí sí àjèjì bí mo bá rí i lórí adágún Cumbria.

Nísàlẹ̀ ibi tó ti ń fò, àgùntàn Herdwick ló kún orí òkè. Dúdú ni wọ́n ń bí ọmọ rẹ̀; bó bá ṣe ń dàgbà, irun rẹ̀ a di eléérú, orí rẹ̀ a sì funfun. Kò sí ọgbà lókè téńté, síbẹ̀ wọn kì í ṣìnà, torí ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ibi tí í ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá ń jẹko, kòkòrò a fò sókè, alápàńdẹ̀dẹ̀ a sì máa gbé e mì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, igi ẹlẹ́gùn-ún a tanná funfun, ọ̀mu tútù a máa yọrí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Nígbà ooru yìí, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ fi ku díẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí wa tó gbààwẹ̀ ní Bìrìtìkó lọ́dún 2016, tí Ramadan bọ́ sí oṣù kẹfà, mọ bí ọ̀sán yẹn ṣe gùn tó. Òjò náà kì í jìnnà: Seathwaite, tó wà nínú àgbègbè yìí, wà lára ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó má bí yín nínú. Bí òjò bá kọ̀, ẹrẹ̀ á gbẹ, ilé kíkọ́ á dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Oxenholme, ẹ wọ òmíràn níbẹ̀ dé Windermere, kí àwọn ilé ìwé tó gba ìsinmi ní ìparí oṣù keje tí èrò fi máa kún ibẹ̀. Ẹ mú ẹ̀wù òjò dání. Bí ẹ bá sì dé ẹnu ọ̀nà abà tí alápàńdẹ̀dẹ̀ wà, ẹ wò ó, kẹ́ ẹ tètè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ìyá lè má wọlé bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹ bá dí i lọ́nà.